Òòlù Igbó Ọba

Jọkẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí i. Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì lọ já ewé ọsàn tí yóò fi se àgbo ibà fún ọkọ rẹ̀, ló bá bá àmì ìjọba lára igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní Erio. Òrùka kékeré ni àmì náà, lẹ́tà méjì wà nínú rẹ̀, ó wọnú èèpo igi náà dáadáa, oje sì ṣì ń sun níbẹ̀.

“Bàbá Ìyìn,” ó ké sí ọkọ rẹ̀, “ṣé ọsàn wa náà lẹ fẹ́ fi la pákó ni?”

Ògúnrìndé jáde wá pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ìyàwó òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ó dé ìdí igi, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Òun nìkan ló ní òòlù tí ń ṣe irú àmì yẹn ní gbogbo agbègbè náà, òòlù ọ̀hún sì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, níbi tí ó fi í kọ́ sí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ gẹdú lè máa rò pé kí ló wá dé. Ògúnrìndé ni gáàdì igbó ọba tó wà lókè Erio. Igi inú igbó ọba, ti ìjọba ni, onígẹdú kankan kò gbọ́dọ̀ gé e àfi èyí tí gáàdì bá lu òòlù mọ́. Igi tó bá ti gba àmì lè dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí ewé rẹ̀ máa tutù, kí ẹyẹ máa kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìṣubú ló kù.

“Àwọn ọmọ àdúgbò ni,” Ògúnrìndé wí. “Fi wọ́n sílẹ̀.”

Àmọ́ bí ó ti gbé ọwọ́ láti yọ orín lẹ́nu, apá ọ̀tún rẹ̀ ro ó láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, bó ṣe máa ń ro ó ní ọjọ́ tí ó bá ti inú igbó dé lẹ́yìn tí ó ti lu òòlù láti òwúrọ̀. Kò sì wọ igbó láti ìjẹta. Ó wọ yàrá, ó sọ òòlù náà kalẹ̀ lórí ìṣó. Ojú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ewé ọsàn tí wọ́n fọwọ́ ra. Ó fi àkísà nù ún, ó dá a padà, kò sì sọ nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀sán ni igi náà wó. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́, ewé kan kò mì, wọ́n kàn gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀ ni. Ògúnrìndé lọ wo kùkùté rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Jọkẹ́ ní ikán ló jẹ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbà pé ikán ni, bẹ́ẹ̀ kò rí ẹyọ ikán kan níbẹ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bò yín lójú. Ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ṣe.

Ìyìnolúwa ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti Jọkẹ́, nọ́ọ̀sì ló sì ń fẹ́ ṣe láti kékeré. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, wọn kò pè é. Ó tún un ṣe, ó tún yege, wọn kò tún pè é. Ẹ kúkú mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí: bí o mọ̀wé tó ìwé fúnra rẹ̀, bí o kò bá lẹ́ni níwájú, ẹ̀yìn lo máa wà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, kì í fẹ́ jáde mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Victor wọlé. Onígẹdú ni, ìhà Oǹdó ló ti wá, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ àwọn tó mọ àwọn ènìyàn. Ó ní òun yóò bá Ìyìnolúwa wá àyè. Kò béèrè ju pé kí Ògúnrìndé yá òun ní òòlù fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì mójú kúrò.

Ògúnrìndé mọ ibi tí ojú Victor wà. Orísun odò Ẹlẹ́ja ni, níbi tí ọ̀gànwó àti ìrosùn ayé ìgbà-n-nì dúró sí, tí òfin ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn nítorí àwọn ni wọ́n ń bo ojú omi. Ó mọ̀, ó sì yá a. Kò pẹ́ rárá tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Jọkẹ́ tí kò mọ nǹkan kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí, ó jó, ó sì sunkún ayọ̀.

Bí Victor ti ń gé àwọn igi náà, odò Ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ládélé, àgbẹ̀ kòkó kan níbẹ̀, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sòdí, wọ́n gòkè wá sí gbọ̀ngàn ìlú Erio, wọ́n ní gáàdì ti ta orísun omi. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí Ògúnrìndé fi irin búra, bí ó bá ti búra, àwọn yóò padà sílé.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Ògúnrìndé. Ní kékeré rẹ̀, ó máa ń rí bàbá rẹ̀ tó ń da epo àti ẹ̀jẹ̀ sí irin kí wọ́n tó fi búra fún ènìyàn, bàbá náà sì sọ fún un pé irin tí kò jẹun rí kò ní etí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ mú àdá wá láti ojúbọ Ògún, ó ní rárá. Ó ní òòlù tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan òun gan-an lòun yóò fi búra. Inú àwọn ará ìsàlẹ̀ odò dùn, wọ́n rò pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni. Òun ń rẹ́rìn-ín wọn nínú. Irin ìjọba ni. Òkè òkun ni wọ́n ti rọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ta epo sí i lójú rí. Kò mọ Ògún, Ògún kò mọ̀ ọ́n.

Ó fi ahọ́n kan ojú òòlù náà. “Bí mo bá yá ẹnikẹ́ni ní irin yìí,” ó wí, “bí mo bá mọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orísun omi, kí irin yìí dá mi lóhùn.”

Gbogbo Erio tó wà nínú gbọ̀ngàn ní, “Àṣẹ.”

Ìyìnolúwa wà níbẹ̀, láàárín àwọn obìnrin. Jọkẹ́ kò sí ńlé, ó ti lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Arámọkọ. Bí èrò ti ń túká, Fáṣọ̀rọ̀, tó dàgbà jù ní ìlú, tí ìdílé rẹ̀ sì ń bọ Ògún títí di òní, rọra sún mọ́ Ògúnrìndé.

“Urin yìí kẹ̀ ni o fi búra?” ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Irin ìjọba ni, Bàbá.”

“Mo rí i,” ni baba arúgbó náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀, òjò dá, kò sí nǹkan kan. Ọyẹ́ dé, ó kan igi ọsàn.

Lẹ́yìn ọsàn, ewúrẹ́ wọn ni. Jọkẹ́ bá a lẹ́yìn ilé, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbọọrọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà ṣánṣán. Nígbà tí Ògúnrìndé ń wú koríko bò ó, ó tú irun èjìká rẹ̀, ó sì rí òrùka náà. Apá ti ń ro ó láti ìgbà tí ó jí. Ó ti mọ̀ nísinsìnyí pé bí apá òun bá ro òun láàárọ̀, kí òun múra láti rí nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ojúmọ́.

Ìgbà tó yá, ó kan Victor. Ní ibùdókọ̀ Arámọkọ ni, lójú gbogbo ènìyàn, ó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò di àyà mú, kò pariwo, orúnkún rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀. Ó kàn wó ni, látòkè délẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì sá fún un kó tó balẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Déolú, ọmọ-ọmọ Fáṣọ̀rọ̀ tí ń wa ọkọ̀ agbégi fún Victor, ló gbé òkú rẹ̀. Òun ló wá sọ fún Ògúnrìndé lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí àmì kan lẹ́yìn ọrùn ọ̀gá mi. Ó jọ tiyín.” Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ ra èjìká ara rẹ̀, kò sì wo Ògúnrìndé lójú.

Ògúnrìndé tú aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá, ó yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò pẹ̀lú díńgí. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ìbá dùn mọ́ ọn nínú ká ní ó rí i.

Ìyìnolúwa gba ọlidé wálé. Ó ti sanra díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn pa ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ó ró ìró mọ́ àyà, ó ń fọ aṣọ funfun rẹ̀ ní àgbàlá, ó sì kẹ́yìn sí bàbá rẹ̀. Òrùka náà wà ní èjìká òsì rẹ̀, ó mọ́ kedere, lẹ́tà méjèèjì pé.

“Kí ló ṣe ọ́ léjìká?” Ògúnrìndé bi í.

“Kòkòrò ló jẹ mí, Bàámi. Kò tilẹ̀ dùn mí.”

Ògúnrìndé yọ òòlù náà lórí ìṣó, ó fi aṣọ wé e, ó gba ọ̀nà igbó ọba lọ. Kò dé orísun omi láti ìgbà tí ó ti yá Victor ní òòlù, ohun tí ó bá níbẹ̀ sì bà á lẹ́rù. Kùkùté ló kún ibẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún tí wọ́n ti gé àwọn ìrosùn wọ̀nyẹn, síbẹ̀ oje pupa ṣì ń sun lójú kùkùté wọn, ó rọra ń ṣàn lọ sínú ẹrẹ̀. Ẹyẹ kan kò ké. Ó wá ibi tí omi ti jìn jù, ó ju òòlù náà sí i pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Òòlù náà sọ orí kodò sínú ẹrẹ̀, igi ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lókè. Omi tó kù nínú odò Ẹlẹ́ja kò mu ún dé ọrùn.

Ògúnrìndé jókòó lórí kùkùté kan, ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí omi tó lè gbé òòlù náà mì mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú omi náà gbẹ. Ó wọ inú ẹrẹ̀, ó fà á yọ, ó sì gbé e lọ sílé Fáṣọ̀rọ̀.

Baba náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yá oòrùn, ó fi aṣọ òfì bora dé ọrùn. Ó gbọ́ ohun gbogbo láìdá sí i.

“Irin tí kò jẹun rí ni, Bàbá,” Ògúnrìndé wí. “Bàbá mi ló sọ fún mi.”

“Bàbá rẹ kò purọ́. Ta ló wá sọ fún ọ pé èyí kò jẹun rí?” Fáṣọ̀rọ̀ wo òòlù náà, kò fọwọ́ kàn án. “O ti ń lù ú mọ́ ugi láti ìgbà tí o ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ṣe é ṣáájú rẹ náà lù ú. Kí lo rò pé ó ń mu? Kò sí irin tó jẹun tó o ní gbogbo Èkìtì.”

“Kí ló dé tí kò fi kàn mí? Èmi ni mo búra.”

“Òòlù kì í lu ọwọ́ tó dì í mú.”

Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní bí òun yóò bá kú, kí òun kú, kí wọ́n ṣáà bá òun yọ ọmọ òun. Fáṣọ̀rọ̀ ní ọ̀nà kan ló wà: kí ó padà sí gbọ̀ngàn, kí ó tú ìbúra náà lójú àwọn tó gbọ́ ọ, kí ó sì fi irin náà lé ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. “Bí a óò bá rí i,” ó fi kún un. Ògúnrìndé kò fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn. Ìrètí ti gbà á lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì, ìlú pé. Apá ń ro Ògúnrìndé tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé e sókè, kò ro ó báyìí rí. Jọkẹ́ àti Ìyìnolúwa tẹ̀lé e, wọn kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó sì sọ ọ́ láìku ẹyọ kan. Ó sọ ti Victor, ó sọ ti òòlù, ó sọ ìdí tí wọ́n fi pe ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Jọkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ògúnrìndé ń retí pé kí wọ́n hó lé òun lórí, kí wọ́n sọ òun lókùúta pàápàá. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu.

“A mọ̀,” Fáṣọ̀rọ̀ wí.

Ó ká aṣọ òfì kúrò léjìká. Òrùka náà wà níbẹ̀ lára awọ rẹ̀ tó ti hunjọ. Déolú náà tú bọ́tìnì rẹ̀. Francis tó jẹ́ akọ̀wé ìlú yọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sápá kan. Àwọn obìnrin tú gèlè tí wọ́n fi bo èjìká. Láti àga iwájú dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ní in.

“Ta ló fi páànù tuntun kan gbọ̀ngàn yìí bí kì í bá ṣe Victor?” Fáṣọ̀rọ̀ wí. “Ta ni Déolú ń wakọ̀ fún? Ta ni àwọn ìyàwó wa ń se oúnjẹ tà fún nínú igbó? O ń purọ́, a mọ̀ pé o ń purọ́, a sì ṣe àṣẹ sí i.”

Ògúnrìndé yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Èmi náà mọ̀, Bàámi,” Ìyìnolúwa wí. “Victor sọ fún mi. Mo fẹ́ lọ ni.”

Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ bẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, ẹnu tiwọn mọ́. Francis ní ọ̀dọ̀ ta? Omi ti tán níbẹ̀, Ládélé ti kó ọmọ àti aya, ó ti fi kòkó sílẹ̀ sínú ọ̀dá, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa bá. Ẹlòmíràn ní ọmọdé kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà ńkọ́. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. Fáṣọ̀rọ̀ wá sọ èyí tó kù, ó sì ń wolẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́: ẹni tó bá gba irin náà, òun ló gba gbogbo àmì tó ti lù. “Èjìká gbogbo wa yóò mọ́. Ìṣubú wa yóò di tirẹ̀.”

“Èmi ò sí níbẹ̀,” Jọkẹ́ wí. “Arámọkọ ni mo wà.”

“Ìyá Ìyìn, jókòó,” Ògúnrìndé wí.

Kò jókòó. Ó ń wo èjìká ọmọ rẹ̀. Ó la àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń yà fún un, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó bá a jó ní ọjọ́ tí ó jẹ́rìí. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ògúnrìndé wojú Fáṣọ̀rọ̀, ó wojú Francis, ó wojú gbogbo ìlú. Ó ń wá ẹyọ ẹnìkan tí yóò sọ pé rárá. Gbogbo wọn ló gbójú sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ìgbà tó máa mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Ó yẹ kí ó wo ìyàwó rẹ̀. Èjìká Ìyìnolúwa ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó mọ́ tónítóní.

Ẹnikẹ́ni kò bá wọn rìn. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń rọra dúpẹ́ lẹ́yìn wọn nínú gbọ̀ngàn. Ìyìnolúwa ń sunkún, ó fẹ́ di ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n Jọkẹ́ ń lọ níwájú, ó gbé òòlù náà mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n dé gbangba níwájú ilé, ó dúró. Ó gbé òòlù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá.

“Bàbá Ìyìn,” ó wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀, “ẹ di ọmọ yẹn mú, ẹ gbé e jìnnà sí mi díẹ̀. Ẹ lọ dúró lápá ọ̀hún. Mi ò mọ ibi tí n ó wó sí.”